Ẹ̀KỌ́ KẸJỌ: TÈTÈ TỌ́JÚ ỌBA

Ṣẹ́ẹ̀sì jẹ́ eré ọlọ́pọlọ tí ènìyàn méjì ń ta lórí pátákó olójú 64. Ẹnì kan á mú funfun, ẹnì kejì á mú dúdú. Ọmọ 16 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní: ọba kan, ayaba kan, bíṣọ́ọ̀bù méjì, ẹṣin méjì, ilé ìṣọ́ méjì àti ọmọ ogun mẹ́jọ. Ayaba ló lágbára jù, ṣùgbọ́n ọba ni ẹ̀mí eré. Bí a bá ká ọba mọ́ tí kò ríbi sá sí, eré parí.

Ìbẹ̀rẹ̀ eré

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ọ̀ta ń kọ́kọ́ ṣe. Á du àárín pátákó, á kó ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù jáde, á sì fi ọba pamọ́. Láti fi ọba pamọ́, ọba á sún ojú méjì sí ọ̀nà ilé ìṣọ́, ilé ìṣọ́ á sì fò ó kọjá, á dúró tì í.

Fischer àti Byrne

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1956, Bobby Fischer, ọmọ ọdún 13, pàdé Donald Byrne nínú ìdíje kan ní New York. Byrne mú funfun. Ìbẹ̀rẹ̀ tí Fischer lò ni wọ́n ń pè ní Grünfeld: dúdú á jẹ́ kí funfun kó ọmọ ogun sí àárín, á wá máa gbógun tì wọ́n.

Nígbà kẹrin tí ó kan Fischer láti ta, ó fi ọba rẹ̀ pamọ́. Byrne kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà kọkànlá, bíṣọ́ọ̀bù tó ti gbé tẹ́lẹ̀ ló tún gbé, ọba rẹ̀ sì wà ní gbangba. Kò pẹ́ tí ilé ìṣọ́ Fischer fi bẹ̀rẹ̀ sí í halẹ̀ mọ́ ọba náà.

Nígbà kẹtàdínlógún, Fischer jọ̀wọ́ ayaba rẹ̀. Byrne jẹ ẹ́. Ni ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù Fischer bá ń lé ọba kiri. Fischer gba ilé ìṣọ́ kan, bíṣọ́ọ̀bù méjì àti ọmọ ogun kan dípò ayaba. Nígbà kọkànlélógójì, ó ká ọba mọ́. Ayaba Byrne wà láàyè, ṣùgbọ́n ó jìnnà, kò lè gba ọba sílẹ̀.

Ẹni tí kò bá tọ́jú ọba, ayaba kò ní gbà á.

Ẹ dáhùn:
1. Iṣẹ́ mẹ́ta wo ni a ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ eré?
2. Kí ni Fischer gbà dípò ayaba rẹ̀?