Sùúrù Nínú Iṣẹ́ Ìwé Ọmọdé

Bíbélì kíkà: Jeremáyà 36:1-8, 20-32
Ẹsẹ àkọ́sórí: Jákọ́bù 5:7
Kókó ẹ̀kọ́: Sùúrù kì í ṣe jíjókòó lásán, iṣẹ́ ni.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ
Ìtàn pípa fún ọmọdé kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn kan nínú wa tilẹ̀ ti kọ ìtàn tiwọn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n kí ìtàn náà tó di ìwé alálàyé tí ó ní àwòrán, ó ń rẹ ọ̀pọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹlòmíràn a kánjú gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé nígbà tí kò tíì jinná. Ẹlòmíràn a dì í sí ìsàlẹ̀ àpótí nítorí pé ẹnì kan rí àléébù nínú rẹ̀. Nínú méjèèjì, ọmọdé ni ó pàdánù.

1. ÌWÉ TÍ A SUN, TÍ A TÚN KỌ
Jeremáyà ń sọ, Bárúkù ń kọ. Nígbà tí a kà á létí Ọba Jèhóíákímù, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gé e, tí wọ́n ń sọ ọ́ sínú iná títí gbogbo rẹ̀ fi jóná. Ọlọ́run kò ní kí Jeremáyà dákẹ́. Ó ní kí ó mú ìwé mìíràn. Ẹ ṣàkíyèsí ẹsẹ 32: Bárúkù tún gbogbo rẹ̀ kọ, a sì fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ kún un. Iṣẹ́ tí a tún ṣe kò di iṣẹ́ òfò.

2. ÌTÀN EHORO KAN
Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 1893, obìnrin ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù kan, Beatrix Potter, kọ lẹ́tà sí Noel Moore, ọmọ ọdún márùn-ún tí àìsàn dá dùbúlẹ̀. Ìtàn ehoro aláìgbọràn kan tí ó wọ ọgbà olóko ni ó kọ, ó sì ya àwòrán sí i. Lẹ́yìn ọdún bíi méje ni ó rò ó láti sọ ọ́ di ìwé. Ọmọ náà ti tọ́jú lẹ́tà yìí, obìnrin náà yá a padà, ó dà á kọ, ó sì mú un gùn sí i.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ni kò gbà á. Ní oṣù kejìlá ọdún 1901, ó fi owó ara rẹ̀ tẹ 250 ẹ̀dà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Frederick Warne gbà á, wọ́n ní àfi kí àwọn àwòrán jẹ́ aláwọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin yìí ti parí àwòrán tirẹ̀ ní dúdú àti funfun! Ó tún wọn yà. Wọ́n sì yọ àwọn àwòrán kan kúrò. Ṣùgbọ́n kò yẹ̀ lórí pé kí ìwé náà kéré tó ọwọ́ ọmọdé, kí owó rẹ̀ má sì wọ́n. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1902 ni ó jáde, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn lẹ́tà náà. Ẹ̀dà 8,000 tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ni a ti rà tán kí ó tó jáde.

Ẹ̀kọ́ wa ni pé onísùúrù a máa gba àtúnṣe, síbẹ̀ kò ní gbàgbé ẹni tí òun ń ṣe iṣẹ́ náà fún.

3. OHUN TÍ A LÈ ṢE
(a) Ẹ ka ìtàn náà sókè fún àwọn ọmọdé. Ibi tí wọ́n bá ti ń wo ojú fèrèsé, ẹ sàmì sí i. Ibẹ̀ ni ó ń fẹ́ àtúnṣe.
(b) Ẹ gbé e tì fún bí oṣù kan, kí ẹ tó tún un kà. Ojú tí ó ti sinmi ni í rí àṣìṣe.
(d) Ẹ ká bébà pọ̀ bí ìwé, kí ẹ pín ìtàn sí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan kí ayàwòrán tó bẹ̀rẹ̀. Bébà kan tí a ká sí méjì ń fún wa ní ojú-ewé mẹ́rin. Nítorí náà ìwé tí a fi pín-ìn-nì dè a máa jẹ́ ojú-ewé 8, 12, 16 tàbí 24.
(e) Ẹ yẹ àwòrán wò pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Bí ìtàn bá ní ọmọ mẹ́ta, kí àwòrán má ṣe ní mẹ́rin. Aṣọ tí ọmọ wọ̀ ní ojú-ewé kìíní kò gbọdọ̀ yí àwọ̀ padà ní ìkẹta láìnídìí. Ọmọdé a máa rí i!
(ẹ) Ohun tí àwòrán bá ti sọ, kò di dandan kí ọ̀rọ̀ tún un sọ. Ẹ gé e kúrò, bí ó tilẹ̀ dùn yín.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àgbẹ̀ inú Jákọ́bù 5:7 ń dúró de òjò, ṣùgbọ́n ó ti kọ́kọ́ gbin nǹkan. Ẹ̀yin tí ìwé yín wà nísàlẹ̀ àpótí, ẹ yọ ọ́ jáde ní ọ̀sẹ̀ yìí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin sùúrù àti ọ̀lẹ?
2. Bí a bá tọ́ka àṣìṣe wa sí wa, báwo ni ó ṣe yẹ kí a gbà á?
3. Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa ni ó ní ìtàn tí a lè ràn án lọ́wọ́ láti parí?

ÀDÚRÀ
Olúwa, fún wa ní sùúrù láti tún iṣẹ́ wa ṣe, kí àwọn ọmọ wa lè jẹ èrè rẹ̀. Àmín.