Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta fún Bóòtù tí Kò Tú

Nínú ìwé ìtọ́sọ́nà fún ẹni tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ṣe, ọ̀rọ̀-ìṣe 'há' nìkan kò tó. ('Nọ́ọ̀kì' tí àwọn mẹkáníìkì ń lò, odidi ẹ́ńjìnnì ni ó bá mu.) Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ sọ ohun tí ó fa híhá náà, nítorí ibẹ̀ ni irinṣẹ́ tí ó tọ́ ti ń hàn.

Bóòtù tí wọ́n dè le jù há lásán ni. Sípánà tí ọwọ́ rẹ̀ gùn yóò tú u. Èyí tí ó 'dípẹtà' kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpẹtà gba àyè ju irin tí ó ti ara rẹ̀ jáde lọ, nítorí náà ó ń há ara rẹ̀ sí àárín tírẹ́ẹ̀dì bóòtù àti ti nọ́ọ̀tì. Bí wọ́n bá fi ipá nìkan tú u, orí rẹ̀ lè kán, kí ìdí rẹ̀ sì kù sínú ẹ́ńjìnnì. Epo tí ń wọ inú ìpẹtà ni ó nílò, pẹ̀lú sùúrù.

'Lẹ̀ mọ́' ni ó tọ́ fún bóòtù irin tí ó wà nínú alumíníọ̀mù. Alumíníọ̀mù kì í dípẹtà. Bí omi bá dé ibi tí ó ti kan irin, òun ni ó ń jẹrà, tí ó ń di ìyẹ̀fun funfun. Bí ó bá gbóná, ó ń fẹ̀ tó ìlọ́po 2 irin. Nítorí náà, 'mú un gbóná' kò tó nínú ìwé: alumíníọ̀mù tí ó yí bóòtù ká ni kí wọ́n mú gbóná, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti nu gbogbo epo kúrò.