Hard Drive Tó Ń Sá Pamọ́: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Àrùn Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi, ẹ súnmọ́ ògiri dáadáa, torí ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí ní ìṣirò díẹ̀ nínú. Ó dá lórí ohun tí wọ́n ń pè ní music server. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ni, tí a kó orin sí, tí gbogbo fóònù inú ilé lè ti ara rẹ̀ gbọ́ orin lórí Wi-Fi láìná dátà kankan.

Raspberry Pi 4 ni ti ilé wa. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju káàdì ATM lọ. Orin kò sí nínú òun fúnra rẹ̀. Inú hard drive tí a fi wáyà USB so mọ́ ọn ni wọ́n wà. Ibẹ̀ ni àpàlà Haruna Ishola, sákárà Yusuf Olatunji àti jùjú I.K. Dairo tí bàbá mi fẹ́ràn wà. Àwọn yẹn, a ṣì lè tún wọn rà. Ohun tí a ò lè rà ni ohùn ìyá bàbá mi, tí wọ́n ń ki oríkì ìdílé wa, tí wọ́n gbà sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì márùn-ún. Màmá àgbà ti lọ. Kásẹ́ẹ̀tì méjì nínú márààrún sì ti já lẹ́yìn tí a kó ohùn inú wọn sínú kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, nígbà tí hard drive yìí bẹ̀rẹ̀ sí í sá pamọ́, ọ̀rọ̀ náà kọjá ti fàájì.

Bó ṣe ń ṣe nìyí: orin á máa lọ, á dákẹ́ lójijì, gbogbo orúkọ orin á sì pòórá lójú fóònù. Tí a bá pa Pi, tí a tún tàn án, wọ́n á padà wá. Ẹni tó bá rí i á sọ pé ká kúkú lọ ra hard drive tuntun. Ṣùgbọ́n dókítà gidi kì í kọ oògùn kó tó yẹ ara aláìsàn wò. Ẹ jẹ́ ká yẹ ara rẹ̀ wò lẹ́sẹẹsẹ.

1. Ẹ kọ́kọ́ kó ohun iyebíye jáde. Kí ẹ tó dán ohunkóhun wò, ẹ ṣe ẹ̀dà ohun tí kò ṣeé rà lọ́jà sí ibòmíràn. Tí hard drive bá ń dún kọ-kọ-kọ, ìyẹn kan ṣoṣo ni kí ẹ fi ṣe, kí ẹ sì tètè. Ohùn màmá àgbà ni mo kọ́kọ́ kó sórí laptop bàbá mi.

2. Ṣé àìyára ni? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Orin CD máa ń ní ìwọ̀n ohùn 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bit 16 ni ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà ohùn sì jẹ́ méjì, ọ̀tún àti òsì. 44,100 × 16 × 2 jẹ́ bit 1,411,200. USB 2.0 lásán, lórí ìwé, lè gbé bit 480,000,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká tiẹ̀ ní kò gbé ju ìdajì lọ, ó ṣì fi ìlọ́po tó ju ọgọ́rùn-ún lọ ju ohun tí orin ń fẹ́. Torí náà, ẹ má ná owó lórí ohun tó yára.

3. Ẹ ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀. Pi máa ń kọ ìròyìn ara rẹ̀ bí akọ̀wé ìpàdé. Ẹ tẹ `dmesg`, kí ẹ sì wo ìparí rẹ̀. Tí ẹ bá rí "USB disconnect", tí kò pẹ́ tí ó tún sọ pé òun rí ohun èlò USB tuntun, ó túmọ̀ sí pé hard drive náà já kúrò ni, ó sì tún padà wá. Iná tàbí wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ "I/O error" ló ń tò lọ láìsí disconnect níwájú rẹ̀, ẹ fura sí ara hard drive gan-an. Disconnect ni ti wa.

4. Ẹ yẹ iná wò. Ẹ tẹ `vcgencmd get_throttled`. Tó bá dáhùn `0x0`, àlàáfíà ni. Èsì tiwa ni `0x50000`, tó túmọ̀ sí pé láti ìgbà tí a ti tàn án, fóltéèjì ti wálẹ̀ rí, Pi sì ti dín iṣẹ́ kù torí rẹ̀. Pi máa ń figbe ta tí fóltéèjì bá wá sí nǹkan bí volt 4.63. Ṣájà volt 5.1 àti ampere 3 ló yẹ ẹ́. Ihò USB mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń pín ampere 1.2 péré láàárín ara wọn. Hard drive tó ní àwo tó ń yí nínú máa ń fa iná jù nígbà tó bá ń gbéra.

Ibí ni físíìsì ti wọlé. Ẹ rántí òfin Ohm: V = IR. Ká ní wáyà ṣájà tẹ́ẹ́rẹ́, tí resistance rẹ̀ jẹ́ 0.25 ohm, tí current sì jẹ́ ampere 2. Fóltéèjì tó sọnù sójú ọ̀nà á jẹ́ 2 × 0.25, ìyẹn 0.5. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 5.1, ó ku 4.6. Ó ti wà lábẹ́ 4.63 nìyẹn! Ṣájà ò parọ́ o, wáyà ló jẹ ẹ́ lọ́nà. Ìdí nìyí tí wáyà kúkúrú tó nípọn fi dára ju gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Tí ṣájà tó péye ò bá sì tó, USB hub tó ní ṣájà tirẹ̀ lè gbé hard drive.

5. Ẹ pààrọ̀ ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní láàbù náà nìyẹn. Tí ẹ bá pààrọ̀ ṣájà, wáyà àti ihò USB pọ̀, tó sì ṣiṣẹ́, kí lẹ fẹ́ sọ pé ó wò ó sàn? Mo kọ́kọ́ pààrọ̀ ṣájà nìkan. `0x0` jáde, disconnect dín kù, àmọ́ kò tán; tí ẹnikẹ́ni bá ti kan wáyà USB, orin á dákẹ́. Mo wá pààrọ̀ wáyà yẹn náà, ó sì tán pátápátá. Àrùn méjì ló wọ aṣọ kan.

6. Ẹ yẹ ìlera hard drive wò. `smartctl -a` á fi àkọsílẹ̀ hàn yín. Ẹ wá Reallocated_Sector_Ct àti Current_Pending_Sector. Odo ló dáa jù. Tó bá ń pọ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ kó ẹrù yín jáde, ó ń lọ nìyẹn. Odo ni ti wa méjèèjì. Ẹ rí i pé owó hard drive tuntun ì bá ṣòfò lásán?

7. Ẹ fún un ní orúkọ tí kì í yí padà. Hard drive tó ń jẹ́ `sda` lè já, kó padà wá pẹ̀lú orúkọ `sdb`, server á sì máa wá a níbi tí kò sí. `sda` dà bí àga tí èèyàn jókòó sí ní kíláàsì. UUID dà bí orúkọ inú rẹ́jísítà. UUID ni kí ẹ kọ sínú `/etc/fstab`, kí ẹ fi `nofail` kún un, kí Pi lè tàn bí hard drive ò tiẹ̀ sí níbẹ̀.

8. Ẹ rántí pé wọ́n á mú iná lọ. FAT32 àti exFAT ò ní ìwé àkọsílẹ̀. Tí iná bá lọ láàárín ìgbà tí ẹ ń kó fáìlì sí i, ó lè dàrú. Ext4 máa ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó tó ṣe é, torí náà ó máa ń tètè rí ara rẹ̀ tún ṣe. Àmọ́ Windows kì í ka ext4 lásán. Tí ẹ bá fẹ́ lo `fsck`, ẹ kọ́kọ́ ṣe `umount`. A kì í tún ọkọ̀ ṣe lórí eré.

9. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òfin àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ni 3-2-1: ẹ̀dà mẹ́ta, sórí irú ohun èlò méjì, kí ọ̀kan wà níta ilé. Ohùn màmá àgbà ti wà lórí hard drive, lórí laptop, àti nínú flash kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Ìbàdàn. Hard drive tó dára jù lọ, ọjọ́ kan ni yóò kú. Ẹ̀dà kejì ni kì í jẹ́ kí a sunkún.

Ìbéèrè tiyín rè é: kásẹ́ẹ̀tì márùn-ún, ìṣẹ́jú 60 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí a bá gbà wọ́n bíi ti CD, ṣé flash 4GB lè gbà wọ́n? Ẹ rántí pé bit 8 ló wà nínú byte kan. Ẹ fi iṣẹ́ hàn o, kì í ṣe ìdáhùn nìkan, kí ẹ jù ú sínú àpótí Press Club kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì.