Omi Kànga Ilé Táíwò

Òjò rọ̀ ní Lomé fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sà kún, omi sì wọ àdúgbò Bè. Ní òru, àgbàrá gba inú ṣáláńgá kọjá, ó sì ṣàn wọ kànga ilé Táíwò àti Kẹ́hìndé. Gbogbo ilé ti sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òùngbẹ ń gbẹ Kẹ́hìndé. Ó fa omi kànga, ó mu ún. Táíwò mu omi tí Ìyá ti sè.

Ní ọjọ́ kejì, Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Ìgbẹ́ náà dà bí omi tí a fi fọ ìrẹsì. Ó ń bì. Ojú rẹ̀ jìn wọnú, ẹnu rẹ̀ gbẹ.

"Ìyá, Kẹ́hìndé kò dá mi lóhùn mọ́!" ni Táíwò kígbe.

Ìyá bu lítà omi kan tó ti sè, tó sì ti tutù. Ó bu ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà sí i, ṣíbí tí kò kún jù, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí. Ó ń fún Kẹ́hìndé mu díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ìbejì," ni nọ́ọ̀sì wí. "Onígbáméjì ni. Omi tí ẹ fún un yẹn ṣe é lóore gan-an."

Ọmọ kan jókòó lọ́tọ̀ níbẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná, ojú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ sú láti ojú dé ọrùn. Táíwò fẹ́ lọ bá a ṣeré.

"Má sún mọ́ ọn," ni nọ́ọ̀sì wí. "Èèyi ni. Bí ó bá wúkọ́ tàbí tó sín, afẹ́fẹ́ á gbé e wá bá ọ. Ibà ní tirẹ̀, ẹ̀fọn ló ń gbé e."

Ní alẹ́, Táíwò bá Bàbá Àgbà sọ̀rọ̀.

"Bàbá, omi yẹn mọ́. Mo rí i."

"Kòkòrò onígbáméjì kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Inú ìgbẹ́ aláìsàn ló ti ń jáde. Àgbàrá lè gbé e, eṣinṣin lè gbé e, ọwọ́ tí a kò fọ̀ náà lè gbé e."

Bàbá Àgbà ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Àpá kan wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Sòbìyà nìyí. Ní abúlé wa nítòsí Atakpamé, adágún kan ni gbogbo wa ń mu. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń ta á ki ẹsẹ̀ bọ omi kí ó lè tutù, aràn náà á sì tú ọmọ sínú omi. Àwa á mu ún. Lẹ́yìn bí ọdún kan, aràn á yọ lẹ́sẹ̀, gígùn bí okùn. N kò lè rìn dé ilé ẹ̀kọ́."

"Oògùn wo ni ẹ lò?"

"Kò sí oògùn. Aṣọ la fi ń sẹ́ omi, a sì ní kí ẹni tó ní sòbìyà má wọ adágún mọ́."

Ọdún 2006 ni wọ́n rí sòbìyà kẹ́yìn ní Tógò. Ní 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti tán níbẹ̀.

"Ṣé kí a fi aṣọ sẹ́ omi kànga wa?"

"Rárá o. Ti onígbáméjì kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná ló ń pa á."

Ní ọjọ́ kẹrin, Kẹ́hìndé padà wálé. Ó bá ìkòkò omi lórí iná.

Ìbéèrè
1. Báwo ni àrùn ṣe dé inú kànga?
2. Kí ni Ìyá pò fún Kẹ́hìndé?
3. Kí ló dé tí aṣọ kò lè sẹ́ onígbáméjì?