Báwo Ni Mo Ṣe Lè Sọ "Ẹ̀san" ní Cantonese?

ÌBÉÈRÈ: Guangzhou ni mo ti ń ra bàtà wálé. Ẹnìkan jẹ ìyá tó ń tajà fún mi lówó, ó sì sá lọ. A wá gbọ́ pé ọjà onígbèsè náà ti kógbá wọlé. Mo fẹ́ fi Cantonese, èdè ìyá yìí, sọ pé ẹ̀san ló ké. Kí ni kí n wí? — Oníbàtà

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, Oníbàtà. Ó wú mi lórí pé èdè ìyá náà gan-an lẹ fẹ́ fi bá a kẹ́dùn.

Bou ying (报应) ni ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá. Ohùn àárín ni méjèèjì, bí a ti ń pe "ọmọ", kò ní nira fún yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó le ni o. Bí ẹ bá wí i létí ẹni tí ìyà ń jẹ, ohun tó máa gbọ́ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ọ́ fún aláìsàn tàbí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ẹ̀yin tí wọn ò sì jẹ lówó, ẹ jẹ́ kí ìyá fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ pè é.

Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tún ń sọ pé yan gwo: yan ni ohun tó fa ọ̀ràn, gwo ni èso rẹ̀. Ìwàásù nìyẹn bá mu.

Èyí tí àwọn àgbà wọn ń pa lówe ló dùn mọ́ mi jù: sin yau sin bou, ok yau ok bou. Rere ní ẹ̀san rere, ibi ní ẹ̀san ibi. Wọ́n á wá fi kún un pé bí ẹ̀san kò bá tíì dé, àkókò rẹ̀ ni kò tíì tó. Ẹni tó ṣì ń retí owó rẹ̀ ni ìparí yẹn ń tù nínú.

Àwọn ọ̀dọ́ lè sọ dai sei fún yín. Ikú tọ́ sí onítọ̀hún ló túmọ̀ sí. Àwàdà ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iwájú àgbà.

Bó bá jẹ́ èmi ni, tin yau ngaan ni mo máa sọ: ọ̀run ní ojú. Ẹ gbé tin sókè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ méjì tó kù nísàlẹ̀, kí ẹ fà wọ́n gòkè díẹ̀. Kò ṣépè fún ẹnikẹ́ni, ìyá á sì mọ̀ pé ẹ rí ìyà tí wọ́n fi jẹ òun. Bó bá wá fi bou ying dá yín lóhùn, ẹ lè bá a wí i nígbà náà.