Àjàní, Gbé Ẹsẹ̀ Yẹn Sórí Àpótí

Àjàní, wọlé. Má wulẹ̀ dọ̀bálẹ̀, mo ti rí ẹ láti ẹnu géètì bí o ṣe ń tiro bọ̀. Ẹsẹ̀ òsì yẹn náà ni, àbí? Jókòó. Gbé e sórí àpótí yìí kí n rí i. Háà! Ó wú tó báyìí lo ṣì ki bàtà bọ̀ ọ́! Aboniki lo sì fi ń run sí mi nílé.

Ọmọ ọdún 14 ni ẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ rọ́. Ẹ̀yin ọmọ Ìdó, ẹ̀gbẹ́ ojú irin lẹ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, níbi tí òkúta ti ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀. Èmi ni mo pọ̀n ẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Ó fi omi gbígbóná àti òrí fà á, o ń ké, mo ní kó máa fà á lọ. Mo ṣẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, Àjàní. Mi ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́ kì í fẹ́ ooru, kì í sì í fẹ́ kí wọ́n máa fà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wíwú rẹ̀ lọ, o tún bọ́ sí pápá.

Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ kan náà ni. Ó rọ́ nígbà tí ẹ fẹ́ ṣe wáẹ́ẹ̀kì. Ó rọ́ lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó ẹ. Fọ́tò wà lọ́wọ́ mi, sílípáàsì lo wọ̀ sábẹ́ agbádá. O ti di bàbá ọlọ́mọ méjì báyìí, ó tún rọ́. Ìyá ẹ ti ń sọ pé ayé ló ń ṣe ẹ́. Ayé kọ́ o.

Físíò tó tọ́jú orúnkún mi ní ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì ló là mí lójú. Torí àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ṣe dá ibẹ̀ sílẹ̀, kó tó di ilé ìwòsàn ní 1945, iṣẹ́ kí ẹsẹ̀ tún lè dúró sì yé wọn dáadáa. Ó ní àwọn okùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta ọrùn ẹsẹ̀ tó so eegun mọ́ eegun. Bí ẹsẹ̀ bá rọ́ sínú, àwọn ló ń fà, tàbí kí wọ́n já. Àwọn náà ló sì ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀ o, kí iṣan lè gbá a mú. Bí wọ́n bá ti fara pa, iṣẹ́ yẹn kì í tètè dé mọ́. Ṣé o mọ ọkùnrin tó ń di àsíá mú níbi tí ojú irin ti dábùú títì? Bó bá sùn lọ, rélùwéè á ti dé kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Wíwú á lọ, ìrora á lọ, alásìíá ṣì ń sùn nínú ẹsẹ̀ ẹ. Ìwọ á ní ó ti san.

Arsenal lo ń jẹ, òun lo ń mu. Bùkáyọ̀ Saka yín, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London, nígbà tí iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ ya ní December 2024, ṣé o rí i lórí pápá ní January? Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ọjọ́ kìn-ín-ní April ló tó padà, ó sì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Fulham lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di August, itan tún dùn ún, ó tún lọ jókòó. Owó gọbọi ni wọ́n ń san lórí ẹsẹ̀ yẹn, síbẹ̀ wọ́n ní sùúrù. Ìwọ tí ẹnikẹ́ni ò fún ní kọ́bọ̀ ní pápá Evans Square, ọjọ́ mẹ́sàn-án lo fi sinmi nígbà tó rọ́ kẹ́yìn!

Mi ò ní kí o má gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Mo mọ bí ojú ẹ ṣe máa ń rí tí o bá ti pápá dé. Ṣùgbọ́n oríkèé tó ń rọ́ lemọ́lemọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, mi ò sì fẹ́ kí o máa di ògiri mú lọ sílé ìwẹ̀ kí o tó dàgbà tó mi. Lọ́jọ́rú, èmi àti ẹ là ń lọ Ìgbóbì. Mo ti bá ìyàwó ẹ sọ ọ́. Tí wọ́n bá ní ó yá, wàá máa fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan dúró láràárọ̀ tí o bá ń fọ ẹnu. Tó bá mọ́ ẹ lára, o pa ojú dé. Lẹ́yìn náà, o gun orí ìrọ̀rí. Bí wọ́n ṣe ń jí alásìíá nìyẹn.

Gba píọ̀ wọ́tà tó dì yìí, fi táwẹ́ẹ̀lì wé e kó má jó ẹ lára. Mo ní má sọ ẹsẹ̀ yẹn kalẹ̀! Ẹ̀bà ń bọ̀. Fóònù ẹ dà? Mú un wá, èmi fúnra mi ni màá sọ fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ pé wọn ò ní rí ẹ ní Sátidé.