Ẹ̀KỌ́ IṢẸ́ ỌWỌ́: BÍ A TI Ń FI ÒÒLÙ RỌ ARA MỌ́TÒ ÀTIJỌ́

Ní agbègbè Ararọ̀mí-Ọ̀pin, Ọ̀sì àti Ìlọ́fà, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe ohun ìyanu láti rí mọ́tò tí ó dàgbà ju ẹni tí ń wà á lọ. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ni ó ń ru iṣu lọ sí ọjà. Òun náà ni ó sì ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá dẹnu kọlẹ̀, mẹkáníìkì a tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí ìpẹtà bá jẹ mọ́gáàdì tàbí ilẹ̀ ọkọ̀ náà títí ó fi dá ihò sí i, iṣẹ́ di ti páńẹ́ẹ̀bítà, alágbẹ̀dẹ ara mọ́tò. Iṣẹ́ yìí ni ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí dá lé lórí.

ÌDÍ TÍ A FI Ń FI ỌWỌ́ RỌ Ọ́

Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní Kàdúná. Ní ọdún kan náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Bẹ́ẹ̀ ni Peugeot 504 àti Volkswagen Beetle, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí bìrìkìtì bí ti ìjàpá, ṣe tàn ká orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ní ìbẹ̀rẹ̀ a máa ní òpin. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2003 ni a ṣe Beetle àtijọ́ tí ó kẹ́yìn pátápátá, ní ìlú Puebla ní ilẹ̀ Mẹ́síkò. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá ti dáwọ́ dúró, ẹ̀yà ara irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa di ọ̀wọ́n lọ́jà. Ọ̀nà tí ó kù fún onímọ́tò kò ju méjì lọ: kí ó pa ọkọ̀ tì, tàbí kí ó wá ẹni tí ó lè fi òòlù àti páànù rọ òmíràn.

Iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ayé bọ́lẹ̀kájà, ṣáàsì àti iwájú ọkọ̀ Bedford tàbí Austin ni ó ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Àwọn káfíńtà ilẹ̀ wa ni wọ́n ń fi pákó kan ara rẹ̀. Nígbà tí mòlúè dé ìgboro Èkó, orí ṣáàsì Mercedes-Benz 911 ni àwọn ajórin ti ń fi irin àti páànù kọ́ ilé ọkọ̀ náà. Ní Suame, ní ìlú Kumasi ní ilẹ̀ Gánà, níbi tí àwọn oníṣẹ́ mọ́tò pọ̀ sí bí eṣú, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ pa ìmọ̀ pọ̀ ní ọdún 2013, wọ́n sì kan odidi ọkọ̀ kan tí a sọ ní Turtle.

IRIN KÌ Í ṢE IGI

Àwọn ará agbègbè yìí mọ iṣẹ́ ọnà dunjú. Aréògún ará Ọ̀sì, ògbóǹtagí gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó kú ní ọdún 1954, àti Bándélé ọmọ rẹ̀, gbé orúkọ ìlú wọn dé òkè òkun. Gbẹ́nàgbẹ́nà a máa gé ohun tí kò fẹ́ kúrò lára igi, ohun tí ó bá sì ti gé kúrò kò ṣe é dá padà. Ti páńẹ́ẹ̀bítà yàtọ̀. Òun kò gé ohunkóhun kúrò láàárín páànù. Ńṣe ni ó ń ti irin láti ibì kan sí ibòmíràn.

Òfin méjì ni ó gbé iṣẹ́ náà ró. Èkíní: òòlù a máa mú irin fẹ̀. Ibi tí a bá lù a tẹ́ pẹrẹsẹ, a fẹ́lẹ́, a sì fẹ̀. Nítorí pé etí rẹ̀ kò jẹ́ kí ó fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó di dandan kí ó wú sókè. Èkejì: iná àti omi a máa mú irin súnkì. Bí ibì kan bá wú ju bí ó ti yẹ lọ, a ó fi iná sun ojú kékeré kan níbẹ̀, tí kò tóbi ju owó kọ́bọ̀ lọ, títí yóò fi pọ́n. A ó rọra fi òòlù tẹ̀ ẹ́, a ó sì fi àkísà tútù pa á. Ẹni tí ó bá mọ òfin méjèèjì yìí lè ṣe àṣìṣe, kí ó sì tún un ṣe.

BÍ A TI Ń ṢE MỌ́GÁÀDÌ

1. Àwòṣe. Bí mọ́gáàdì apá òsì bá ti bàjẹ́, ti apá ọ̀tún ni a ó fi ṣe àwòkọ́ṣe. A ó gé páálí kí ó bá ibi tí ó yọ àti ibi tí ó kó sínú mu rẹ́gí. Kí ọmọ iṣẹ́ má gbàgbé láti yí páálí náà padà kí ó tó gé irin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mọ́gáàdì ọ̀tún méjì ni yóò ní.

2. Yíyan páànù. Páànù dúdú tí ó nípọn tó milimítà kan ni ó dára. Kò yẹ kí a lo páànù ìkọ́lé, nítorí ó fẹ́lẹ́ jù, èéfín síńkì tí ń jáde lára rẹ̀ nígbà tí a bá ń jó o sì ń fa ibà. Kí a fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ létí fún kíká.

3. Lílù. Kùkùté igi tí a gbẹ́ ihò sí, tàbí àpò tí a rọ iyanrìn kún, ni a ó gbé páànù lé. Kí òòlù máa bọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ojú ìlù kan fara kan èkejì. Kí a máa gbé àwòṣe lé e nígbà gbogbo. Bí irin bá le nítorí ìlù, kí a fi iná sun ún títí yóò fi pọ́n, kí a jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀. Yóò rọ̀ padà.

4. Dídán. Kí a gbé irin tí wọ́n ń pè ní dólì sí abẹ́, kí a máa fi òòlù pẹlẹbẹ lù ú láti òkè, títí ọwọ́ kò fi ní mọ ibi gágagàga kankan mọ́. Lẹ́yìn náà ni a ó ká etí rẹ̀ yí wáyà kan po kí ó lè lágbára.

5. Jíjó. Kí a kọ́kọ́ fi iná so ó mọ́ra ní ojú kọ̀ọ̀kan tí ó jìnnà síra, kí a wò ó bóyá ilẹ̀kùn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣí dáadáa. Kí a má ṣe jó o lọ gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ooru yóò lọ́ ọ. Kí a kun inú àti ìta rẹ̀ ní ọ̀dà adènà ìpẹtà.

OHUN TÍ Ń PANI

Táǹkì epo tí ó ṣófo léwu ju èyí tí ó kún lọ, nítorí oru epo ni ń bú gbàmù. Nítorí náà kí a tú u kúrò kí a tó jórin. Kí òróró tàbí gírísì má kan ẹnu sílíńdà ọ́síjìn láéláé. Kí a di ojú àti etí. Ariwo òòlù a máa sọni di odi etí díẹ̀díẹ̀.

Ewu kan tún wà tí ó ń pa ẹni tí kò dé ilé iṣẹ́ páńẹ́ẹ̀bítà rí. Èyí ni bọ́dì fílà tí àwọn aláìṣòótọ́ ń rẹ́ bo ihò ìpẹtà, tí wọ́n sì ń kun ọ̀dà lé lórí. Fílà wà fún dídán ojú irin. Kò yẹ kí ó nípọn ju milimítà mẹ́ta lọ. Bí ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí a de àga àti bẹ́líìtì mọ́ bá jẹ́ fílà, ọjọ́ tí ìjàǹbá bá dé ni àga yóò fà yọ tòun ti ẹni tí ó jókòó lé e. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Onímọ́tò lè dán iṣẹ́ wò kí ó tó sanwó. Kí ó mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré, irú èyí tí ń bẹ lẹ́yìn ẹnu rédíò tí ó ti bàjẹ́, kí ó fi asọ fẹ́lẹ́ bò ó, kí ó máa fà á lọ lára ọkọ̀. Ibi tí ó bá lẹ̀ mọ́, irin ni. Ibi tí ó bá jábọ́, kí ó bèèrè ohun tí ń bẹ lábẹ́ ọ̀dà.

FÚN ÀWỌN ÒBÍ ÀTI ÀWỌN Ọ̀DỌ́

Ọmọ tí ó fi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní agbede méjì láti lọ gun ọ̀kadà yóò máa rí owó lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí alùpùpù bá gbó, iṣẹ́ rẹ̀ gbó pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó dúró títí ọ̀gá rẹ̀ fi ṣe ìdáǹdè fún un, tí ó sì yege nínú tírédì tẹ́ẹ̀sì ti ìjọba, mọ́tò tí ń gbó ni ń sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé ń wá.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni òòlù ń ṣe sí irin? Kí ni iná àti omi ń ṣe sí i?
2. Èéṣe tí a fi gbọ́dọ̀ yí àwòṣe padà?
3. Ta ni ó jẹ̀bi bí fílà bá fa ikú: ẹni tí ó rẹ́ ẹ ni, tàbí onímọ́tò tí ó wá iṣẹ́ ọ̀pọ̀?